Ta Ló Ní Kó O Fi Ọṣẹ Fọ Rédíò?

Àjàní ọkọ mi, ta ló bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀? Kànìnkànìn onírin àti ọṣẹ ìfọṣọ lo kó bá rédíò ìbánisọ̀rọ̀ KW2000! Ó ń dán, mo rí i. Àmọ́ níbo ni àwọn lẹ́tà ojú rẹ̀ gbà? Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ sí i ní Dartford nílùú Òyìnbó lọ́hùn-ún kò mọ̀ pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ń bọ̀ wá bó o. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́ níbí, tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní 1924, ó wà ní British Museum dòní. Ṣé o gbọ́ pé wọ́n ń fi kànìnkànìn fọ ọ́?

Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ la fi ń gbọn eruku ọyẹ́. Fáàfù 6146 méjèèjì inú rédíò yẹn, má nu ibi tí nọ́ńbà wọn wà, kíá ló ń pa rẹ́. Fàdákà inú dígí ni kó o wò: bó bá ti funfun bí ẹfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, ó ti kú nìyẹn.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé o yọ rédíò náà lára iná, o sì ki ìka bọ inú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orí ẹ ò pé ni? Iná ilé 230 fóòtì ni. Èyí tó lúgọ sínú kapásítọ̀ yẹn ju 500 lọ, iná ilé sì lè lọ kó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá Ọjà Ọba, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́, tòsì á wà nínú àpò, kí iná má baà gba àyà kọjá. Rẹsísítọ̀ la fi ń fa iná inú kapásítọ̀ tán, a ó sì fi mítà wò ó ká tó fọwọ́ kàn án.

Kó o tó tan rédíò náà, fi gílóòbù 100 wáàtì, irú ti àtijọ́ tó ń gbóná, sójú ọ̀nà iná rẹ̀. Tó bá tàn tó sì rẹlẹ̀, fọkàn balẹ̀. Tó bá ń tàn yòò, yáa pa á.

Sísọ̀rọ̀ jáde lórí rẹ̀ ńkọ́? Gba ìwé àṣẹ ná. Kí a tó gbòmìnira, ZD2 ni àmì ìpè Nàìjíríà, 5N ló wá dà. Títí tìrẹ yóò fi dé, máa gbọ́ tàwọn ẹlòmíràn, kí ìwọ panu mọ́. Mo kúkú mọ̀ pé ìyẹn ló máa nira fún ọ jù.