Ẹni Tí Ó Yẹ Kí Ó Tètè Mọ̀ Pé A Ti Lóyún

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí púpọ̀ nínú wa ti là kọjá ṣùgbọ́n tí a kì í sábà jókòó sọ: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ tí obìnrin fẹ́ra kù, nígbà tí ikùn kò tíì yọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì mọ̀.

Ní ilẹ̀ wa, a kì í polongo oyún. Láti ilé ni wọ́n ti kọ́ wa pé kí a fi í pamọ́ títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí ẹnu ayé, àti nítorí pé oyún tí kò tíì dàgbà lè wálẹ̀ nígbàkigbà. A kò bá àṣà yìí jà. Elisabẹti pàápàá, gẹ́gẹ́ bí a ti kà nípa rẹ̀ ní orí kìn-ín-ní ìwé Luku, fi ara rẹ̀ pamọ́ fún oṣù márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń fi oyún pamọ́ fún wà, ẹni tí kò yẹ kí a fi í pamọ́ fún náà sì wà. Kí aládùúgbò má mọ̀, kò burú. Kí nọ́ọ̀sì má mọ̀, ó burú.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀? Àmì tí ó ṣe kókó ni pé nǹkan oṣù kò wá ní ìgbà tí ó yẹ kí ó wá. Ìdí nìyí tí a fi ń gba gbogbo wa níyànjú, ìyàwó tuntun àti ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, pé kí a máa sàmì sí kàlẹ́ńdà ní ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni nọ́ọ̀sì yóò bèèrè, láti ọjọ́ yẹn sì ni wọ́n ti ń ka oyún dé ogójì ọ̀sẹ̀. (A mọ̀ pé èyí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín tọkọtaya, nítorí oyún tí nọ́ọ̀sì pè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni ó ti wọlé. Kí ọkọ má ṣe bínú. Bí wọ́n ṣe ń kà á níbi gbogbo nìyẹn.)

Àwọn àmì yòókù kì í dọ́gba lára gbogbo wa. Ọmú a máa wú, a sì máa dun èèyàn. Ó lè máa rẹ̀ wá láìṣe iṣẹ́ kankan. A lè máa tọ̀ lemọ́lemọ́, kí itọ́ máa kún ẹnu, kí òórùn ẹja tí a fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ máa lé wa kúrò ní ilé ìdáná. Àwọn mìíràn a rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó kán ní àsìkò tí nǹkan oṣù yẹ kí ó dé, wọn a sì rò pé òun náà ni. Bí ó bá kéré ju bí ó ṣe máa ń rí lọ, ẹ má ṣe gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn àmì wọ̀nyí ti jọ ibà tó! Àárẹ̀, èébì, ara tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé kí a mu àgbo ibà, tàbí kí a ní kí oníkẹ́míìsì pa oògùn pọ̀ fún wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ni a ń ṣe ẹ̀yà ara ọlẹ̀. Bí a bá kà á láti ọjọ́ nǹkan oṣù ìkẹyìn, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ yóò ti jáde ti pa dé. Ọ̀sẹ̀ méjì péré nìyẹn lẹ́yìn tí nǹkan oṣù kò wá.

Nítorí náà, kí oògùn tó wọ ẹnu, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ wò. Wọ́n ń ta ohun àyẹ̀wò rẹ̀ ní kẹ́míìsì. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ni ó dára jù. Bí ó bá ní kò sí oyún, tí nǹkan oṣù kò sì wá, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ pé oyún ni, ẹ yàgò fún tetracycline, ibuprofen, àgbo tí a fi ògógóró rẹ, ọtí gbogbo, àti ìpara tí ń bó ara. Bí ibà bá ń ṣe wá ní tòótọ́, a kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, nítorí ibà fúnra rẹ̀ a máa ba oyún jẹ́. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí a sì sọ fún wọn pé a lóyún. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí artemether-lumefantrine fún aboyún láti oṣù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n Fansidar tí a ń lò láti fi dènà ibà kì í bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó wọ oṣù kẹrin. Ẹ sì máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì.

Oògùn tí ó yẹ kí a lò ni folic acid, 400 máíkírógíráàmù lójoojúmọ́, bí nọ́ọ̀sì kò bá sọ ìwọ̀n mìíràn. Ẹni tí ó ń retí ọmọ ti lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí oyún tó dé. Ẹ̀fọ́ tútù, ẹ̀wà àti ọsàn a máa ràn án lọ́wọ́, wọn kò sì lè rọ́pò rẹ̀.

Ní ti èébì, ẹ jẹ búrẹ́dì gbígbẹ tàbí bisikíìtì díẹ̀ kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ máa jẹun díẹ̀díẹ̀, ẹ sì lè mu omi atalẹ̀. Bí omi pàápàá kò bá dúró nínú, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ̀yin tí ń wá ẹfun ọjà jẹ, ẹ jọ̀wọ́, òjé wà nínú irú rẹ̀ kan.

Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ méjìlá ni ó yẹ kí a forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá àti jẹ́nótáìpù wò.

Arábìnrin kan láàárín wa gbà wá láyè láti sọ tirẹ̀. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì nìkan, nọ́ọ̀sì sì kìlọ̀ fún un pé bí inú bá ń dùn ún ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí èjìká ń ro ó, kí ó má ṣe dúró, nítorí oyún lè dúró sí ọ̀nà tóóró tí ó yẹ kí ó gbà dé ilé ọmọ, kí ibẹ̀ sì bẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìrora náà dé. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí kò mọ nǹkan kan, pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì gbé àgbo fún un. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, oyún ni.” Ìyá náà sọ ife àgbo sílẹ̀, ó sì sáré lọ wá ọkọ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní òru yẹn. Oyún náà lọ, ṣùgbọ́n òun yè é, ó sì ti bí ọmọbìnrin kan lẹ́yìn náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó bẹ̀ wá pé kí a kọ ẹ̀kọ́ yìí.