Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù, Àmọ́ Ó Ń Jẹ Igi

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni. Ohun tí òwe náà kò sọ ni iye igi tí ààrò ọ̀hún ti jẹ kí ọbẹ̀ tó jinná. Ẹnu mẹ́ta ló là sílẹ̀. Ooru ń gba ibẹ̀ jáde, díẹ̀ ló ń kan ìkòkò, ògiri àti ojú ẹni tó ń dáná ló ń gba ìyókù. Ní Ìlárá Rẹ́mọ àti àwọn ìletò tó yí Ìsarà ká, ẹni tí gáàsì wọ́n bí ojú fún, tó padà sídìí igi, yẹ kó mọ bí a ti ń ṣọ́ igi ná.

Èéfín ni ìwà, rírú ní í rú. Ẹ jẹ́ ká mú òwe yìí wọ ilé ìdáná. Èéfín tó ń ta wá lójú, igi tí a fowó rà ni, tó bá atẹ́gùn lọ láìjó tán. Igi tútù ló sábà ń fà á. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè kó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, omi yẹn ni iná á sì kọ́kọ́ bá jà kó tó ráyè ti ọbẹ̀. Ẹ là á wẹ́wẹ́, ẹ tò ó kí atẹ́gùn lè gba àárín rẹ̀ kọjá, kó pẹ́ lábẹ́ òrùlé. Ẹ gbá méjì lu ara wọn: tó bá dún ko, ó ti gbẹ, tó bá dún bọ̀, ẹ dá a padà. Ọ̀rọ̀ èéfín náà sì ju owó lọ, ó kan ìlera. Ní Ìbàdàn, àwọn oníwàádìí fún àwọn kan lára aboyún 324 ní sítóòfù tó ń lo epo ethanol. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn wọ̀nyí kò ga tó ti àwọn tó ṣì ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná.

Ní Jámánì àti Amẹ́ríkà, ìyẹ̀fun igi ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ di wóró wóró, tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù. Omi inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ̀rọ á sì máa bù ún sínú iná díẹ̀díẹ̀ bí fáànù ti ń fẹ́ ẹ. Àwa náà ní ààrò ìyẹ̀fun igi tiwa, kò sì gba iná mànàmáná. Ẹ wá agolo ńlá, ẹ dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ ti igi róbótó kan gba ibẹ̀ dé àárín, kí ẹ gbé ìgò òfìfo dúró lórí rẹ̀. Ẹ wá máa da ìyẹ̀fun gbígbẹ láti ilé ìlagi yí ìgò náà ká, kí ẹ máa kì í mọ́lẹ̀ gírígírí. Ẹ rọra fa ìgò àti igi yọ. Ojú ọ̀nà tó ṣẹ́ kù ni iná á gbà. Bí ẹ kò bá kì í le, á ya lulẹ̀, èéfín lẹ ó sì máa fẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó o. Iná igi tàbí èédú nínú yàrá tí a tì pa ń pa èèyàn sójú oorun.

Ẹ̀yin ìyá tó ń yan gààrí, ọ̀dọ̀ yín ni owó ti ń jó jù. Ooru tí yóò gbẹ omi tó ti ń hó tán, ó ju ìlọ́po márùn-ún ooru tó mú un hó lọ. Nítorí náà, omi tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú àpò ẹ̀gẹ́ rírin, igi lẹ ó fi san án. Ẹ jẹ́ kí jáàkì fún àpò náà títí tí kò fi ní kán mọ́. Ẹ fi amọ̀ mọ ògiri yí ìdí àgbàdà ká, kó ku ẹnu kan fún igi àti ibi tí èéfín á gbà jáde.

Ní ti ìkòkò ọbẹ̀, ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Omi tó ti ń hó kò tún lè gbóná jù bẹ́ẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ kó gbogbo igi inú oko sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fa igi kan tàbí méjì yọ, ẹ dé ìkòkò. Tó bá jẹ́ ẹ̀wà ni, ẹ rẹ ẹ́ sómi láti alẹ́ kó lè tètè jinná.

Ẹ jọ̀wọ́, kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, ẹ kó igi yín wọ abẹ́ òrùlé. Ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ yan gààrí kí ẹ tó máa wá èyí tó gbẹ.