Oko Bàbá Ẹlòmíràn Kì í Ṣe Ibi Ìyafọ́tò

Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún. Òwe yìí ni olórí ilé ìwé aládàáni kan nílùú Abẹ́òkúta fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwa òbí àti alágbàtọ́ jọ láti fi fọ́tò ìrìn-àjò àwọn ọmọ hàn wá. Àwọn ọmọ SS2 ni wọ́n kó lọ sí Yúróòpù nígbà ọlidé: Lọ́ńdọ̀nù, Párìs, Brussels, Amsterdam àti Berlin. Ìlú márùn-ún láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọmọ àbúrò mi wà lára wọn, inú mi sì dùn nígbà tí mo rí i nínú fọ́tò, tó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ọmọ léèrè ọ̀rọ̀ ni ojú mi fà ro. Bàbá kan bi ọmọkùnrin kan pé odò wo ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú fọ́tò yẹn. Ọmọ náà kò mọ̀. Kò mọ ìlú tí wọ́n ti yà á pàápàá. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀; ìyẹn ní Párìs ni, òmíràn ní rárá o, Lọ́ńdọ̀nù ni. Ibẹ̀ náà la ti gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀: pé ọmọbìnrin kan ṣẹ́ kù sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Brussels, tí ọkọ̀ sì ti gbé àwọn yòókù lọ kí ẹnì kan tó rántí kà wọ́n. Ọlọ́pàá ló jókòó tì í títí olùkọ́ kan fi padà wá mú un.

Mi ò bá ọmọ kankan wí. Àwọn àgbàlagbà tó ṣètò ìrìn-àjò náà ni mò ń bá wí. Ẹ jẹ́ ká jọ ka ọjọ́ mẹ́jọ yẹn. Ọjọ́ kìíní bá ojú ọ̀nà Èkó àti pápákọ̀ òfuurufú lọ, ọjọ́ ìkẹyìn bá àbọ̀ lọ; ó ku mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣí kúrò ní ìlú kan sí òmíràn, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìdajì ọjọ́: ẹrù dídì, kíkúrò ní òtẹ́ẹ̀lì, títò sórí ìlà, ọkọ̀ ojú irin, wíwá òtẹ́ẹ̀lì tuntun. Ọjọ́ méjì tún lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù fún ìlú márùn-ún, oorun àti oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀! Bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ ìkòkò márùn-ún wò tí ebi sì ń pa á sùn ni. "Ó yá, ó yá, ẹ wọ mọ́tò!" ni gbólóhùn tí ọmọ àbúrò mi sọ pé àwọn gbọ́ jù lọ ní gbogbo Yúróòpù, lẹ́nu olùkọ́ tó kó wọn lọ láti Abẹ́òkúta.

Ẹ̀gbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ sí òkè òkun. Lọ́dún 1904 ni Aláké Gbádébọ̀ Kìíní dé Lọ́ńdọ̀nù, tó sì fojú kan Ọba Edward Keje. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ jókòó ní kíláàsì Abẹ́òkúta Grammar School lọ́dún 1914, Frances Thomas, wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó sì kàwé ní Wincham Hall ní agbègbè Cheshire. Nígbà tó fi máa padà dé ní 1922, ó ti pa orúkọ òyìnbó tì, Fúnmiláyọ̀ ló ní kí wọ́n máa pe òun. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fi orúkọ yẹn ṣe nígbà tí àwọn obìnrin ọjà tẹ̀ lé e lòdì sí owó orí. Mi ò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ọdún mẹ́ta. Ohun tí mò ń sọ ni pé Fúnmiláyọ̀ pẹ́ lójú kan tó láti rí ìwà àwọn tó gbà á lálejò, ire àti ibi rẹ̀, kó tó wá mọ èyí tí òun fẹ́ nínú ti ara rẹ̀.

Òwe tí olórí ilé ìwé pa yẹn dára, àmọ́ kò bá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa mu mọ́. Àwọn tó pa á mọ ọmọ tí wọ́n ń bá wí: ọmọ tó ti ro oko bàbá rẹ̀, tó mọ ibi tí ilẹ̀ ti lẹ́tù lójú, tó mọ iye ebè tó wà níbẹ̀, tí ìgbéraga sì wọ̀ ọ́ lára nítorí ìyẹn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó rìn, yóò rí ohun tí yóò fi díwọ̀n. Ọmọ wa òde òní kò sọ pé oko bàbá òun ló tóbi jù. Ohun tó ń sọ ni pé bàbá òun kò dáko rí. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó dé láti Yúróòpù yìí bóyá wọ́n ti gun Olúmọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò gùn ún rí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń rí òkè náà láti ojú fèrèsé kíláàsì wọn.

Àìmọ ìtàn ilé yìí ló mú mi rántí Párìs. Lọ́dún 1851, Ghezo ọba Dàhòmì kó ogun wá bá Abẹ́òkúta, pẹ̀lú àwọn obìnrin ológun rẹ̀, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ọmọ rẹ̀, Glele, tún gbé ogun wá ní 1864, ìyà tún jẹ ẹ́. Lọ́dún 1892 ni àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Abomey, olú ìlú Dàhòmì, tí wọ́n sì kó ẹrù ààfin ibẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìtẹ́ Ghezo àti ère Glele tí wọ́n gbẹ́ pẹ̀lú àbùdá kìnnìún fi wà ní Párìs, wọ́n sì ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Quai Branly kó tó di pé ìjọba Faransé dá ohun 26 padà fún orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2021. Ẹ rò ó wò! Ìtẹ́ ọba tó fẹ́ pa Abẹ́òkúta run wà níbẹ̀ nígbà náà, ọmọ Ẹ̀gbá lè dé iwájú rẹ̀, kó ya fọ́tò, kó sì kọjá lọ jẹ áísìkirímù. Èyí tó mọ ìtàn Ṣódẹkẹ́ tó kó Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta àti ti odi ìlú wa ni ọkàn rẹ̀ ì bá fò sókè níbẹ̀, òun náà ni yóò sì béèrè ìdí tí ẹrù àwọn ọ̀tá wa àtijọ́ fi wà lọ́wọ́ Faransé tẹ́lẹ̀, àti ohun tó mú wọn dá a padà. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọmọ gbé dé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìrìn-àjò náà ti so èso, nítorí ó dùn mọ́ mi. Ọjọ́ tí wọ́n ń wá ọmọ tó sọnù yẹn kiri ni ètò wọn dàrú, ọkọ̀ tó yẹ kí wọ́n wọ̀ kúrò ní Brussels sì ti lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n rí ọmọ náà, olùkọ́ kan kó wọn lọ jẹun ní Matonge, àdúgbò àwọn ará Kóńgò ní Brussels, tí wọ́n sọ lórúkọ àdúgbò kan ní Kinshasa. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni, síbẹ̀ ọmọ àbúrò mi rí i rò fún mi fún bí wákàtí kan: obìnrin onídìrí tó bi í pé ta ló di irun rẹ̀, ẹja tó jọ tiwa, àwọn ọmọ àdúgbò náà tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sọ Lingala, Faransé àti Flemish pọ̀. Kò mú fọ́tò kankan jáde láti fi hàn mí. Kò nílò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ilé ìwé, ẹ dín ìlú kù. Físà Schengen kan ṣoṣo ló ń gbé èèyàn wọ orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì sí lára wọn; ẹni tó bá fi Lọ́ńdọ̀nù kún Párìs yóò béèrè físà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yan ọ̀kan. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti pẹ́ jù ni ẹ ó ti béèrè físà Schengen. Wọ́n ń gba ìbéèrè náà láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ má sì jẹ́ kó ku ọjọ́ 15. Ẹ ó nílò ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò, àti ìwé àṣẹ òbí fún ọmọ tí kò tíì tójúúbọ́. Òfin Schengen dá owó físà sí fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tó bá wọn rìn nítorí ẹ̀kọ́, nítorí náà ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú owó tí ẹ ó san, ẹ béèrè. Mùsíọ́ọ̀mù Louvre kì í gba owó lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ó sì máa ń tì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. British Museum kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orí idẹ Ifẹ̀ kan tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 sì wà níbẹ̀.

Ní ti kíkà àwọn ọmọ, ẹ má fi ẹnu kà wọ́n nígbà tí ọkọ̀ ti ń mì. Ẹ pín wọn ní méjì méjì, kí oníkálukú máa dáhùn fún ẹnìkejì rẹ̀, kí olùkọ́ sì jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó máa wọ ọkọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé lápò tí orúkọ òtẹ́ẹ̀lì àti nọ́ńbà fóònù olùkọ́ wà nínú rẹ̀, torí fóònù a máa kú. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n tó kúrò nílé: ẹni tó bá ṣẹ́ kù, kó dúró lójú kan náà, ẹni tí ọkọ̀ bá gbé lọ, kó bọ́lẹ̀ ní ibùdó tó tẹ̀ lé e, kó dúró níbẹ̀.

Bí ó bá wà lọ́wọ́ mi, JSS1 yóò gun Olúmọ, yóò dé Ìtòkú láti wo aládìrẹ, yóò sì dé Aké, kí wọ́n gbọ́ bí Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, ṣe bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859. JSS2 á wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láderin lọ sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn, wọn á gba ibẹ̀ dé Ilé-Ifẹ̀. JSS3 á gba Ìdí-Ìrókò, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, kọjá sí Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, dé ààfin Abomey tí UNESCO ti kọ sínú ìwé ogún àgbáyé láti 1985. Ọmọ ECOWAS kì í gba físà lọ síbẹ̀. Ọmọ tó bá ti gba ọ̀nà yìí dé SS2, ẹ kó o lọ sí Párìs àti Brussels, tàbí Lọ́ńdọ̀nù àti Exeter, ìlú tí wọ́n bí Townsend sí, níbi tí àwọn nǹkan tó kó lọ láti Abẹ́òkúta ṣì wà nínú mùsíọ́ọ̀mù wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ní ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́rin ní èkejì.