Àpótí Ìmọ̀: Àrùn Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Kéékèèké Inú Ọpọlọ

Àwọn iṣan tíntìntín ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ dé ìjìnlẹ̀ ọpọlọ. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, pàápàá lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí tó ń mu sìgá, ògiri àwọn iṣan yìí á máa nípọn, á máa le, ihò inú wọn á sì há. Oríṣi mìíràn wà: èròjà kan tó ń jẹ́ amyloid-beta á gbára jọ sí ògiri iṣan, á sì sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́ tó lè bẹ́.

Ohun tó burú nínú àrùn yìí ni pé kì í pariwo. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ lè kú, kó di ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3 sí 15, kí aláìsàn má sì mọ̀. Àwòrán MRI ló sábà ń tú àṣírí rẹ̀. Tó bá yá, ìrònú á máa falẹ̀, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, ìtọ̀ á ṣòro láti mú dúró. Àwọn ará ilé a ní ogbó lásán ni. Kì í ṣe ogbó lásán rárá: ó lè yọrí sí rọpárọsẹ̀ tàbí iyè rírà.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ìwádìí SPRINT ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ lórí ọpọlọ jáde ní 2019, fi hàn pé bí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá gba ìtọ́jú tó ń lépa kí nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 120 dípò 140, àpá tí àrùn yìí ń dá sínú ọpọlọ kì í tètè gbòòrò.