Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ́ Gba Dìgírì Lẹ́nu Iṣẹ́

Nọ́ọ̀sì tó ti ní ìwé-ẹ̀rí lè gba dìgírì láì fiṣẹ́ sílẹ̀. NOUN, yunifásítì àkàgbélé tí ìjọba tún ṣí ní 2002, ń kọ́ni nímọ̀ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n kí á tó sanwó níbikíbi, ẹ jẹ́ kí á wádìí ohun mẹ́ta:

1. Ǹjẹ́ àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó gbé.
2. Ilé ìwòsàn wo la ó ti fọwọ́ ṣe é? A kì í kọ́ abẹ́rẹ́ gígún lórí fóònù.
3. Ṣé ọ̀gá yóò fún wa láyè nígbà ìdánwò?

Amánà ni ẹ̀mí ènìyàn. Kí Ọlọ́hun là wá lóye. Àmín.