Ṣé olórí obìnrin nìkan ló kàn wá?

Ìbéèrè: Ní wọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, àwa obìnrin là ń kó èrò jọ, àwa là ń se ìrẹsì ìpàdé. Tó bá kan ipò, wọ́n á ní “olórí obìnrin” ti tó wa. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín dùn mí. Láti 1999, obìnrin mẹ́rin, ìyẹn Bucknor-Akerele, Sosan, Orelope-Adefulire àti Adebule, ti ṣe igbákejì gómìnà l'Ékòó. Kò sí èyí tó di gómìnà nínú wọn. Ní oṣù kìíní 2025, Mojisola Meranda di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Kò tó oṣù méjì tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dúró dìgbà tí fọ́ọ̀mù ìdíje bá jáde. Ẹ du alága, akọ̀wé tàbí akápò wọ́ọ̀dù ná, kí ẹ sì kó ara yín jọ dìbò fún ẹnì kan ṣoṣo.