Àbẹ̀kẹ́, Ta Ló Ní Kó O Dákẹ́?

Wọlé, jàre. Má jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá. Bọ́ bàtà ẹ, gba omi yìí mu. Láti ìgbà tó o ti ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé kó o má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, o rò pé mi ò rí ẹ? O ta fírísà. O yọ ara ẹ kúrò nínú èésú wa. Wọn ò sanwó oṣù fún ọkọ ẹ, ẹnu ará ìta ni mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ tá a pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní ṣé àlàáfíà ni, o rẹ́rìn-ín sí mi, o ní, “Ọlọ́run ń ṣe é, Àǹtí.” O fi atíkè bo ebi mọ́lẹ̀, o wá ń pè é ní ìgbàgbọ́!

Mi ò ní kó o má gbààwẹ̀ o. Gbà á, ó dáa. Ṣùgbọ́n wòlíì tó ní àfi kó o mú owó irúgbìn wá kí ilẹ̀kùn tó ṣí, tó jẹ́ pé owó fírísà ló gbà... Ẹ jẹ́ kí n panu mọ́, kí n má baà tìtorí èèyàn ṣẹ Ọlọ́run.

Ṣé o mọ opó inú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, tí ẹni tó yá wọn lówó fẹ́ kó ọmọ ẹ̀ méjèèjì lẹ́rú? Tí wọ́n bá ti ka ibi tí òróró ti ń dà yàà, ẹ ó máa pariwo halelúyà. Ẹ kì í dúró níbi tó ṣáájú. Èlíṣà ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó bi í pé kí ló kù nílé, obìnrin náà ní ìkòkò òróró kan ṣoṣo ni. Wòlíì wá ní kó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò, kó má sì yá díẹ̀. Gbogbo aládùúgbò, Àbẹ̀kẹ́! Ilé wo ló kàn tí wọn ò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe? Ọjọ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò mọ̀ pé nǹkan ti tán nílé ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó yá ìkòkò tán ló tó tì í. Ìwọ, ilẹ̀kùn lo kọ́kọ́ tì. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ìkòkò tán ni òróró náà dá. Ká ní ìwọ ni, ìkòkò mélòó lò bá rí yá, ìwọ tí o ò fẹ́ kí ìyá onílé gbọ́?

Àbí o rò pé ilé ẹ nìkan ni ebi mọ̀? Ṣebí ojú ẹ ló ṣe ní 5 oṣù Kejì 2024, nígbà tí àwọn obìnrin Minna yìí jáde sí Kpakungu, tí wọ́n dí títì torí oúnjẹ tó gbówó lórí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, ta ni nǹkan ò há fún? Ìjọba fúnra wọn ṣírò ẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2024, wọ́n ní owó oúnjẹ ti fi nǹkan bí 40 nínú 100 lé sí ti ọdún tó ṣáájú. Ìtìjú wo ló wá kù níbẹ̀?

Gbọ́ tèmi. Ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, níbẹ̀rẹ̀ 2023, owó mi wà ní báńkì, ṣùgbọ́n mi ò ní náírà lọ́wọ́. Àwọn oní-POS ń fi owó ta owó. Mo lọ sí Kasuwan Gwari, mò ń wo iṣu, mò ń gbé e kalẹ̀. Obìnrin Gbagyi kan tó ń ta á, tí kò mọ ilé mi, tí kò ní fóònù tí mo lè fowó ránṣẹ́ sí, ló ní kí n gbé e lọ. Gbagyi ò yé mi, Hausa tiẹ̀ náà ò já gaara, àárín la ti gbọ́ra. Ó mú èédú, ó fa ìlà mẹ́ta sára òpó ìsọ̀ ẹ̀, ó tún kó iṣu lé mi léjìká bí wọ́n ṣe ń ru tiwọn. Gbogbo ọjà ń rẹ́rìn-ín! Ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a ní 3 oṣù Kẹta pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́. Bí mo ṣe rí owó gbà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó nu ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ń gbàdúrà lóru pé kí Ọlọ́run rán olùrànlọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń wò, ọjà ló gbà wá.

Àbúrò obìnrin oníṣu yẹn ń po òrí ní Maitumbi. O mọ̀ pé igi emi kún ìpínlẹ̀ Niger yìí. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fi oṣù 6 dá kíkó èso ẹ̀ jáde lọ sílẹ̀ òkèèrè dúró, kí wọ́n lè máa pò ó nílé. Ìwọ ní ẹnu, o ní fóònù, o ní ọ̀rẹ́ n'Ìbàdàn tó ń ra òrí lọ́wọ́lọ́wọ́. Àbúrò náà yóò fún ọ ní garawa òrí kan láwìn, èmi ni mo dúró fún ọ. Àárọ̀ ọ̀la la ó lọ.

Ẹ̀n-ẹ́n, kò tán o. Èmi ni mo sọ fún àwọn eléèésú. Bínú, mo ti sọ ọ́! Àlájà tó kàn tó fẹ́ kó tiẹ̀ lóṣù yìí ló ní kí wọ́n gbé e fún ọ ná, pé aṣọ ìgbéyàwó lòun fẹ́ fi rà, ìgbéyàwó ò sì tíì sún mọ́. O ò tíì kí obìnrin yẹn dáadáa rí láyé ẹ.

Owó náà wà nínú agolo mílíìkì lórí àpótí yẹn. Nu ojú ẹ, kà á níwájú mi. Tí mo bá gbọ́ pé wòlíì yẹn fojú kan ẹyọ kan níbẹ̀, èmi àti ìwọ la jọ máa lọ gbà á padà, a ó sì gbé fírísà bọ̀.